Kànga, fọ́rájì tàbí omi òjò: èwo ni ká gbára lé lẹ́sẹ̀ òkè Ṣábẹ̀?

Àbúrò mi kan ra ilẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè Ṣábẹ̀, ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, lọ́dún tó kọjá. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́, ìdí kajú mẹ́ta, àti ipa odò kékeré kan tó máa ń kún nígbà òjò, tó sì máa ń gbẹ kí ọyẹ́ tó mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kànga ni kí n gbẹ́ ni, àbí kí n rọ́jú wá owó fọ́rájì?" Mo bi í pé ta ló ń gbé lókè rẹ̀, kí ni wọ́n sì ń dà sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn pé ó ní ọ̀rọ̀ omi ni òun bá mi sọ, mo wá ń bi òun léèrè aládùúgbò.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kò sí omi tí èèyàn ń mu ní Ṣábẹ̀ tí kò ti ibì kan kọjá kó tó dé ẹnu rẹ̀, ohun tó bá sì pàdé lọ́nà ló ń gbé bọ̀. Nítorí náà, tí mo bá ń fi omi kan wé òmíràn níbí, mi ò ní wo bó ṣe mọ́ lójú. Ọ̀nà tó gbà wá ni mo máa wò. (Fún àwọn ará òdìkejì ààlà: fọ́rájì ni àwa ń pe kànga tóóró, tó jìn, tí wọ́n fi ẹ̀rọ lu.)

## Àpáta ló ni ilẹ̀ yìí

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Kútọnu lọ sí Pàràkú rí ti rí òkè Ṣábẹ̀, àwọn àpáta bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ tó yọ sókè bí orí apárí. Èyí tó hàn yẹn kéré sí èyí tí kò hàn. Abẹ́ ilé wa, abẹ́ oko, abẹ́ ọjà, àpáta kan náà ni. Ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ ni amọ̀ àti òkúta tó ti jẹrà di yẹpẹ. Níbòmíì yẹpẹ yìí nípọn. Níbòmíì, ẹ ò tíì gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún tí ọkọ́ á ti dún gan-an lórí òkúta. Ẹ má fi wé àwọn àdúgbò ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), níbi tí èèyàn á gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ tí omi á ti máa yọjú.

Òjò tó bá rọ̀ á rì wọ inú yẹpẹ, á dúró lórí àpáta. Òun ni omi kànga ọwọ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á wá ibi tí àpáta ti là, á rọra yọ́ wọlé, á sì wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òun ni omi fọ́rájì. Òjò kan náà ló bí àwọn méjèèjì, àmọ́ àìsàn inú wọn ò jọra rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí wọ́n gbà pé bí omi bá ṣe jìn sí ni yóò ṣe dára sí.

## Kànga ọwọ́ àti fọ́rájì

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ni, kànga ọwọ́ ló borí. Ẹni méjì, ọkọ́, okùn, garawa, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbẹ nínú oṣù Èrèlé, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ tún un gbẹ́, títí wọ́n á fi kan àpáta. Bí okùn bá já, ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Fọ́rájì kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ilẹ̀ olókùúta báyìí, ó sábà máa ń tó 40 sí 80 mítà, ó sì gbọ́dọ̀ bá ibi tó là tó lómi pàdé. Bí kò bá bá a, ihò gbígbẹ lẹ fowó rà. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò ná, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tí yóò ru owó náà bí omi ò bá jáde. Ẹni tí ojú ń kán máa ń fo ìpele yìí. Mo ti rí ihò mẹ́ta nínú ọgbà kan ṣoṣo, ẹ̀kẹta nìkan ló ní omi, òun náà sì ń rẹ̀ lọ́sàn-án.

Tí a bá dé orí ìmọ́tótó, òkè ni ọ̀tá kànga ọwọ́ ti ń wá: ṣáláńgá, ìgbẹ́ ẹran, omi ìfọṣọ, àti okùn. Bẹ́ẹ̀ ni, okùn. Ìyá wa àgbà ní kànga lágbo ilé, mo sì rántí okùn rẹ̀ ju omi rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pọn omi tán á ju okùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ewúrẹ́ á tẹ̀ ẹ́, adìẹ á ṣu sí i, ọmọ tó ti ìgbẹ́ bọ̀ tí kò fọwọ́ á gbá a mú, okùn náà á sì tún balẹ̀ sínú omi, gbìn-ìn. Bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ lálẹ́. Ká wá máa bi ara wa pé kí ló ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu nínú ikùn.

Èyí ṣeé tún ṣe, kò sì wọ́n. Ẹ mọ ẹnu kànga sókè dé ìbàdí àgbàlagbà. Ẹ fi símẹ́ńtì tẹ́ àyíká rẹ̀, kó dagun díẹ̀ kí omi tó bá dànù má padà wọlé, kó ní ojú àgbàrá tirẹ̀. Ìdérí tó ṣeé tì. Kẹ̀kẹ́ tí okùn ń gbà, àti garawa kan ṣoṣo tí kì í kúrò nídìí kànga, tó ń wà lórí ìkọ́ nígbà gbogbo. Garawa tí oníkálukú gbé wá látilé ni ẹ kọ̀.

Ti ṣáláńgá le ju ìyẹn lọ. Ìlànà tí àwọn àjọ ìrànwọ́ àgbáyé ń tẹ̀lé ni pé kí ṣáláńgá jìnnà sí omi tó 30 mítà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi mítà kan àbọ̀ ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ yẹpẹ, ó dáa. Yẹpẹ máa ń sẹ́ omi bí a ti ń sẹ́ ọ̀gì. Àmọ́ níbi tí àpáta ti là tí ilẹ̀ orí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, omi ṣáláńgá á rí ọ̀nà tààrà, kò ní dúró kí ẹnikẹ́ni sẹ́ òun, 30 mítà sì lè má tó. Ibẹ̀ náà ni ewu fọ́rájì ti ń wọlé: ènìyàn á ti lọ sí 60 mítà nísàlẹ̀, ibi tó là kan á so ó pọ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ fi ṣáláńgá sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, kànga sókè, ẹ má ṣe yí i padà láé. Kí ẹ sì lọ kí aládùúgbò tó wà lókè yín, kí ẹ fọgbọ́n wo ibi tí tirẹ̀ wà.

Tí ó bá jẹ́ ti kòkòrò àìfojúrí nìkan ni, fọ́rájì tí wọ́n fi símẹ́ńtì dí ẹnu rẹ̀ dáadáa fi ibi púpọ̀ sàn ju kànga ọwọ́ lọ. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, mi ò ní kọ èyí tó kù.

## Ohun tí àpáta ń fi sínú omi

Ọmọ kan wà tí mo mọ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Eyín iwájú rẹ̀ ní ìlà pupa rúsúrúsú tó fà láti ọ̀tún dé òsì, bíi pé ẹnì kan fi obì kùn ún. Ìyá rẹ̀ ti fi pákò fọ̀ ọ́, ó ti fi èédú fọ̀ ọ́, ó ti ra oríṣi ọṣẹ ìfọyín mẹ́rin. Níléèwé, wọ́n ń pè é ní ọ̀bùn. Ó ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín láìla ẹnu. Ọmọ yẹn kò dọ̀bùn rárá. Omi fọ́rájì tó dáa lójú, tó tutù, tí gbogbo àdúgbò ń yìn, ló mu dàgbà.

Fúlóráìdì ni. Inú àpáta bíi tiwa ló wà, omi tó bá sì pẹ́ nínú àpáta á máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ní ẹkùn Collines, tí Ṣábẹ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń yẹ omi wò ti rí fọ́rájì tí fúlóráìdì inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà lọ, ìyẹn 1.5 mílígíráàmù nínú lítà kan. Kì í ṣe gbogbo wọn. Fọ́rájì ìkángun abúlé lè ga kí ti ẹ̀gbẹ́ ọjà má ní nǹkan kan. Eyín tí ó ń bà jẹ́ ni èyí tó ṣì ń dá lọ́wọ́ nínú erìgì, láti ìgbà ìkókó títí dé nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ tí wọ́n gbé wá láti Kútọnu fi lè mu omi kan náà fún ọdún márùn-ún tí eyín rẹ̀ á funfun báláú, tí ti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á sì máa pọ́n. Bó bá wá ga púpọ̀ tó sì pẹ́ gan-an, egungun àgbà náà á jẹ nínú rẹ̀.

Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ní adùn. Sísè kì í mú un kúrò. Omi á fà, fúlóráìdì á kù, èyí tó kù á wá nípọn sí i. Oògùn omi kò mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́, nítorí náà ẹ má gba fọ́rájì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìrí ìwé àyẹ̀wò tó kọ fúlóráìdì àti náítíréètì síbẹ̀. Náítíréètì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, 50 mílígíráàmù nínú lítà. Òun ń ti ṣáláńgá àti ajílẹ̀ wá, ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi po mílíìkì fún ló sì ń bá jà jù.

Ẹ wá rí i: kànga ọwọ́ ń gbé ìdọ̀tí àwa èèyàn, fọ́rájì ń gbé ohun tó wà nínú òkúta. Ti èèyàn ṣeé pa. Ti òkúta kò ṣeé pa, àfi ká sá fún un, ká fi omi míì là á, tàbí ká fi èédú egungun fà á mú.

## Omi òjò, tí a ti gbàgbé

Ká tó mọ fọ́rájì, a ti ń gbe omi òṣòòrò. Ìkòkò ńlá mẹ́rin ló máa ń tò sábẹ́ òrùlé ìyá wa àgbà, bí òjò bá ti ṣú ni a ó ti máa sáré ṣí ìdérí wọn. Lónìí, páànù ló wà lórí gbogbo ilé, a sì ń wo omi náà bó ti ń ṣàn lọ sójú àgbàrá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Mìlímítà kan òjò lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà kan. Òjò Ṣábẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,100 mìlímítà lọ́dún. Òrùlé tó bá jẹ́ 40 mítà onígun mẹ́rin, èyí tí kò tóbi rárá, ń gba 44,000 lítà. Ẹ yọ ìdámárùn-ún dànù fún èyí tó tà síta àti èyí tó gbẹ: ó ṣì ku 35,000. Ilé ẹni mẹ́fà tó ń lo lítà márùn-ún lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún mímu àti oúnjẹ á lo 30 lítà lójúmọ́. Láti Bélú dé Ẹ̀rẹ̀nà, nǹkan bí 150 ọjọ́, ìyẹn jẹ́ 4,500 lítà. Tánkì 5,000 lítà kan á gbé wọn kọjá ẹ̀ẹ̀rùn, bí wọ́n bá lè pa òfin kan mọ́: ẹnu nìkan ni omi yẹn wà fún. Ẹni tó bá fi wẹ̀, tó fi fọ aṣọ, á rí ìsàlẹ̀ tánkì kó tó di ọdún tuntun.

Omi òjò kò ní fúlóráìdì. Ìyẹn nìkan tó fún mi láti yàn án fún ọmọdé. Ó tún ń là á: bí fọ́rájì bá ní 2.4 mílígíráàmù, bìdọ́ọ̀nù (kẹ́ẹ̀gì) kan rẹ̀ pẹ̀lú bìdọ́ọ̀nù kan omi òjò á sọ ọ́ di 1.2, ó ti wọ abẹ́ ìwọ̀n nìyẹn.

Àléébù rẹ̀? Owó tánkì, tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Àti òrùlé fúnra rẹ̀. Gbogbo oṣù ọyẹ́ ni eruku ti ń kó jọ síbẹ̀, alángbá ti ṣu, ẹyẹ ti ṣu, ewé ti jẹrà sínú ọ̀gbàrá páànù. Òjò àkọ́rọ̀ ló máa fọ gbogbo rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó wọ tánkì. Mìlímítà àkọ́kọ́ lórí òrùlé tí a ṣírò yẹn jẹ́ 40 lítà, ó dín díẹ̀ sí bìdọ́ọ̀nù méjì oní-25. Àwọn kan máa ń fi páìpù òòró kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì tó máa kọ́kọ́ kún kí ìyókù tó ráyè kọjá. Àwọn míì kàn ń fọwọ́ yí páìpù kúrò, wọ́n á dúró sínú òjò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á yí i padà. Àwọ̀n ẹ̀fọn lẹ́nu rẹ̀. Kí tánkì má jẹ́ èyí tí oòrùn ń là kọjá, torí ewédò á hù nínú rẹ̀. Kí ó sì ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa na igbá wọ inú rẹ̀.

## Omi ẹ̀rọ àti píọ̀wọ́tà

Mi ò ní pẹ́ níbí. Bí páìpù SONEB (iléeṣẹ́ omi Bẹ̀nẹ̀) bá ń gba iwájú ilé yín kọjá, ẹ fà á wọlé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2003, òun ló ń bójú tó omi ìlú ńlá. Ní abúlé, àjọ ANAEPMR ni, láti 2017. Kò sí kànga tí èmi tàbí ẹ̀yin lè gbẹ́ tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò bíi tiwọn. Àmọ́ omi tó mọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ lè dọ̀tí nínú àmù kó tó di alẹ́. Ife tó ń wọ inú àmù, ọwọ́ tó di ife náà mú, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wọn ti ń bàjẹ́. Ẹ ra ohun èlò tó ní ẹnu tóóró tàbí tó ní ẹnu ẹ̀rọ.

Píọ̀wọ́tà dáa fún ìrìn àjò. Ẹni tó bá fi ń tọ́mọ á rí i pé owó tánkì ló ń san ní wẹ́wẹ́, ọ̀rá rẹ̀ á sì lọ dí ojú àgbàrá.

## Bí a bá fẹ́ fọ omi nílé

Ọ̀nà tí a ń gbà tọ́jú omi pọ̀, èyí tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé àwọn èèyàn ń lo ọ̀kan fún iṣẹ́ òmíràn.

| Ọ̀nà | Kòkòrò àìfojúrí | Omi tó rú | Fúlóráìdì |
|---|---|---|---|
| Sísè | ó ń pa wọ́n | kò kàn án | ó ń mú un nípọn sí i |
| Oògùn omi (kílórínì) | ó ń pa èyí tó pọ̀ jù | agbára rẹ̀ á dín kù | kò kàn án |
| Oòrùn nínú ìgò ike | ó ń pa wọ́n bí omi bá mọ́ | kò ṣiṣẹ́ | kò kàn án |
| Fífi aṣọ sẹ́ | wọ́n á kọjá | díẹ̀ | kò kàn án |
| Èédú egungun | má gbára lé e | má gbára lé e | ó ń fà á mú |

Aṣọ ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn àgbà wa rántí sòbìyà, bó ṣe ń yọ lẹ́sẹ̀ tí èèyàn á fi so mọ́ igi tín-ín-rín, tí á máa ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Eégbọn omi kékeré ló ń gbé e nínú omi adágún, aṣọ sì tó láti dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lé e lọ, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi jẹ́rìí sí i ní 2009 pé ó ti kúrò ní Bẹ̀nẹ̀. Látàrí iṣẹ́ ribiribi yẹn, àwọn kan ṣì gbà pé aṣọ ń fọ omi. Sòbìyà ló ń mú. Àrùn onígbáméjì á gba inú aṣọ kọjá bí ẹni ń gba ojú ilẹ̀kùn.

Sísè dájú: kí omi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ti tó. Ṣùgbọ́n igi wo la fi ń sè é? Ẹ wo àpò èédú tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti ọ̀dọ̀ wa títí lọ sí Kútọnu. Igi tó ń di yẹpẹ mú lórí òkè kí omi lè rì wọlẹ̀ ni a gé, tí a sì fi ń se omi tó rú torí pé igi ò sí lórí òkè mọ́. Èmi á fi sísè sílẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ àti aláìsàn.

Fún ilé tó kù, oògùn omi. Aquatabs oní-67 mílígíráàmù kan wà fún 20 lítà omi tó mọ́, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bìdọ́ọ̀nù wa jẹ́ 25, ẹ rántí. Ẹ fi bírò fa ìlà sí ibi tí 20 bá dé. Bí omi bá rú, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tó fi oògùn sí i. Ẹni tí kò lówó oògùn ní páànù àti oòrùn: ìgò ike tó mọ́ kedere, tí kò ju lítà méjì lọ, kí ẹ tẹ́ ẹ lé páànù fún wákàtí mẹ́fà bí oòrùn bá le, ọjọ́ méjì bí ojú ọ̀run bá ṣú.

## Kí ni ká gbìn sẹ́bàá odò?

Èyí ni àbúrò mi ò bi mí rárá, òun sì ni mo fẹ́ sọ jù. Odò kékeré ẹ̀yìn ilẹ̀ rẹ̀ yẹn ni omi kànga rẹ̀ lọ́la. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Àgbàdo dé etí omi: ìkórè á dáa lọ́dún méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà bèbè á bẹ̀rẹ̀ sí í ya, yẹpẹ á kún ipa odò, omi á máa fò kọjá dípò kó rì.

Tíìkì: owó ọjọ́ iwájú ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ máa ń ṣófo. Ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ máa ń kó òjò jọ, á wá dà á lulẹ̀ ní ẹ̀kán ńláńlá, bí a bá sì ti dáná sun ewé gbígbẹ abẹ́ rẹ̀ bí a ti ń ṣe, kò sí ohun tó máa gba ẹ̀kán náà. Ẹ gbìn ín sókè, kó jìnnà sódò. Yúkàlíptù ńkọ́? Ọ̀mu ni, ẹ má mú un dé tòsí omi.

Kajú sàn ju àgbàdo lọ torí kì í ṣe ọdọọdún la ń hú ilẹ̀ rẹ̀. Ewu tirẹ̀ ni oògùn apakoríko tí wọ́n ń fín sábẹ́ rẹ̀, àti pàápàá ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi fín in. Mo ti dúró wo ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, tó wọ odò dé orúnkún, tó ṣí ìdérí, tó bomi sí i, tó mì ín, tó sì da omi funfun náà sínú odò, lẹ́ẹ̀mẹta, títí ẹ̀rọ fi mọ́. Àwọn obìnrin méjì ń fọ ẹ̀gẹ́ nísàlẹ̀, kò tó ogójì ìgbésẹ̀ sí i. Kì í ṣe ìkà. Kò kàn sí ẹni tó sọ fún un pé àárín oko ló yẹ kó ti fọ̀ ọ́, kó tún fín omi rẹ̀ sórí koríko kan náà. Agolo oògùn náà ńkọ́? Ẹ dá ihò sí i lára. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á fi bu omi mu.

Èyí tí èmi yàn: kí ẹ má gbin nǹkan kan. Ẹ fi bèbè sílẹ̀, ohun tí ilẹ̀ náà mọ̀ á hù. Òfin igbó tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní ọjọ́ 2 oṣù Agẹmọ ọdún 1993 ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: a ò gbọdọ̀ ṣán igbó ní mítà 25 sí etí odò, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Mélòó nínú wa ló mọ òfin yẹn? Èèwọ̀ ni a mọ̀. Wọn kì í gbé ìkòkò tó ti dúdú nídìí wọ odò ìyá wa àgbà, ẹnì kan kì í sì gé igi níbi orísun. Nígbà tí a ju èèwọ̀ sílẹ̀, a ò mú òfin dípò rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun jù tí kò lè dúró dé ìgbà tí igbó á fi hù, ẹ gbin koríko vetiver ní ìlà tó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ ju mítà méjì lọ. Fún màlúù tó ń kọjá ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bá àwọn Fúlàní sọ ọ́, kí ẹ fi òkúta tẹ́ ojú ibì kan ṣoṣo tí ẹran á ti máa mumi. Ìjà ò ní lé wọn, òùngbẹ ń gbẹ ẹran.

Odò kékeré yẹn ò dúró sí Ṣábẹ̀. Wọ́n máa ń kì wá ní Ṣábẹ̀ Ọ̀pàrà; odò Ọ̀pàrà tí wọ́n sé lókè kí Pàràkú lè rí omi mu ló ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ó sì ń ṣàn sínú odò Ouémé. Ouémé yìí, 510 kìlómítà ni, láti òkè ní àríwá títí dé ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ohun tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn fọ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń pẹja nísàlẹ̀ ló ń lọ; aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n.

## Èyí tí àbúrò mi wá yàn

Owó fọ́rájì kò jọ. Kànga ọwọ́ ló gbẹ́, fún ìwẹ̀, fún aṣọ, fún ọgbà ẹ̀fọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì ra tánkì 5,000 fún ẹnu. Bí SONEB bá dé àdúgbò náà, tánkì á lè sinmi. Ṣáláńgá tó ti gbẹ́ tán kó tó bi mí léèrè, òkè kànga ló wà, mítà mọ́kànlá péré sí i. Ó dí i. Ó bínú, ó sì dí i, ó gbẹ́ òmíràn sí ìsàlẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní òru. Ní àárọ̀, ó fi fọ́tò ife omi kan ránṣẹ́, ó pupa bíi tíì. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí omi òjò ṣe ń rí nìyí?" Mo ní ṣé ó yí páìpù kúrò. Ó ní òun ti sùn lọ.